Ìtumọ̀ Kejì

Ìyá mi kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n kò sí fíìmù òyìnbó tí wọ́n máa fi sí tẹlifíṣọ̀n ilé wa tí kò ní fa àga rẹ̀ súnmọ́ ọn. Èmi ni mo máa ń jókòó tì í láti túmọ̀. Tíṣà Gẹ̀ẹ́sì ni mí ní ilé-ìwé kan ní Ìlá-Ọ̀ràngún, mo sì fẹ́ràn kí àwọn èèyàn mọ̀ bẹ́ẹ̀. Òyìnbó á sọ̀rọ̀, màá dákẹ́ díẹ̀ kí n lè jọ ẹni tó ń rò ó jinlẹ̀, lẹ́yìn náà màá túmọ̀ rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ kan kò bá yé mi, màá ní wọ́n ń kí ara wọn ni. Ìyá mi wá gbà pé kò sí ẹni tó ń kíni tó òyìnbó láyé.

Ìgbómìnà ni ìyá mi ń sọ o, kì í sì í bu omi là á. Mo máa yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá tí gbogbo yín lè kà. Ẹ má ṣe gbà mí gbọ́ jù, nítorí orí bí mo ṣe ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ gan-an ni ìtàn yìí dá lé.

Nínú gbogbo fíìmù, ti àwọn akọ̀ròyìn ni mo fẹ́ràn jù. Mo fẹ́ràn bí wọ́n ṣe ń jẹun lórí ìdúró, bí wọ́n ṣe ń kọ nǹkan sínú ìwé kékeré, àti bí ọ̀gá wọn ṣe máa ń jágbe mọ́ wọn pé kí wọ́n lọ tún un kọ. Ọ̀gá yẹn ni mo máa ń fi ara mi wé. Nígbà tí olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi kan ní òun ní ọ̀kan lórí fíláàṣì, tí àwọn akọ̀ròyìn ti ń tú àṣírí ìjọ ńlá kan tó bo ìwà àwọn àlùfáà rẹ̀ mọ́lẹ̀, kíá ni mo gbà á. Mùsùlùmí ni wá, inú ṣọ́ọ̀ṣì sì ni ìyàwó mi dàgbà sí kó tó fẹ́ mi. Èmi àti ìyá mi kì í ṣe ìkà, ṣùgbọ́n a kò ní kọ fíìmù tí á fún wa ní ohun tí a máa fi yọ ọ́ lẹ́nu fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Ọ̀sán Sátidé ni. Ìyá mi, ìyàwó mi àti ọmọ mi kan ṣoṣo, ọmọbìnrin ọdún mọ́kànlá, ń bó ẹ̀gúsí nínú pálọ̀. Wọ́n ti di báàgì ọmọ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, nítorí pé lọ́jọ́ Mọ́ńdè ló máa padà sí ilé kéú tó ń gbé, ní abúlé kan lọ́nà Òkè-Ìlá. Kò fẹ́ padà. Gbogbo ilé ló mọ̀ pé kò fẹ́ padà, gbogbo wa sì ti fẹnu kò pé yóò padà. Àáfà tó ni ilé kéú náà ló sọ ọ́ lórúkọ lọ́jọ́ ìkómọ. Ọ̀rẹ́ mi ni, kéú sì dá ṣáká lẹ́nu rẹ̀.

Ó yẹ kí n sọ ti lẹ́tà. Àáfà kì í gba fóònù láyè, nítorí náà lẹ́tà ni àwọn ọmọ ń kọ sílé, awakọ̀ tó ń ná ọ̀nà náà á sì bá wọn mú un wá. Nígbà tí ọmọ mi lo oṣù kan níbẹ̀, ó kọ lẹ́tà sí mi, Gẹ̀ẹ́sì ni láti òkè dé ilẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo pe ará ilé jọ kí n tó kà á. Ohun tó kọ ni pé, “Alfa abuses us every day,” pé kí n jọ̀ọ́, kí n wá mú òun.

Ní Gẹ̀ẹ́sì tí gbogbo wa ń sọ nílẹ̀ yìí, ẹni tó bá “abuse” rẹ, ó bú ọ ni. Bí ọmọ ilé-ìwé bá sunkún wá bá mi pé ẹnì kan ṣe bẹ́ẹ̀ sí òun, màá ní kí ẹlẹ́nu burúkú náà kúnlẹ̀, ọ̀rọ̀ ti parí. Bí mo ṣe túmọ̀ lẹ́tà náà nìyẹn: Àáfà ń bú wọn lójoojúmọ́. Ìyá mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní Àáfà tó kọ́ òun ní kéú nígbà èwe, orí bàbá bàbá òun ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀ èébú kó tó sọ̀ kalẹ̀ dé orí òun, pé ibẹ̀ ni òun ti mọ ìtàn ìdílé òun.

Èmi ní tèmi, mo mú bírò pupa. Mo sàmì rere sí “abuses” nítorí pé kò gbàgbé “s” tó wà nídìí rẹ̀. Mo tún ibi méjì ṣe, mo fún un ní méje nínú mẹ́wàá, mo sì dá lẹ́tà náà padà sí i, mo ní kó máa ṣe sùúrù, kó má ka ọ̀rọ̀ ẹnu àgbà sí. Nígbà tó délé fún họ́lidé, “ọmọ tí kò gba èébú” ni ìyá mi ń pè é. Kò tún sọ nǹkan kan nípa rẹ̀ mọ́, a sì rò pé ó ti gbọ́n.

Fíìmù bẹ̀rẹ̀. Ìlú olótùútù kan ni, gbogbo èèyàn wọ kóòtù. Àwọn akọ̀ròyìn mẹ́ta, ọkùnrin méjì àti obìnrin kan, ń ti ojúlé dé ojúlé, wọ́n ń kan ilẹ̀kùn. Ohun tó kọ́kọ́ bí ìyá mi nínú ni pé wọn kò kí ẹnikẹ́ni. Ó ní báwo lèèyàn á ṣe dé ilé onílé, tí kò ní béèrè àlàáfíà, tí kò ní béèrè ọmọ, tó kàn máa yọ ìwé síta. Ó ní abájọ tí wọ́n fi ń ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn. Àánú obìnrin inú wọn tún ṣe é, nítorí pé láti ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù, búrẹ́dì lásán ni ó rí i tó jẹ.

Ó wá béèrè pé kí tilẹ̀ ni àwọn àlùfáà náà ṣe. “Abuse” kan náà yẹn ni àwọn òyìnbó ń tẹnu mọ́, mo sì túmọ̀ rẹ̀ láì ṣiyèméjì pé wọ́n ń bú àwọn ọmọdé. Ìyá mi yíjú sí ìyàwó mi, ó ní òun kò mọ̀ pé ẹnu àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì mú tó báyìí. Ìyàwó mi ní ní ṣọ́ọ̀ṣì tàwọn, ẹgbẹ́ akọrin nìkan ló ń bú ara wọn.

Ṣùgbọ́n ẹjọ́ èébú yìí kò tán. Wọ́n kó fáìlì jáde. Lọ́yà dé. Bíṣọ́ọ̀bù dé. Wọ́n ní ìjọ ń gbé àlùfáà kan láti ìlú kan sí òmíràn nítorí rẹ̀. Ìyá mi ní àwọn òyìnbó wọ̀nyí kò níṣẹ́ ṣe. Ó ní bó bá jẹ́ pé nítorí èébú ni wọ́n ń pe akọ̀ròyìn, Ìlá nìkan á kún ìwé ìròyìn láti Mọ́ńdè dé Sátidé, ojú-ewé àkọ́kọ́ sì ni wọn á gbé òun sí. A rẹ́rìn-ín. Mo rí i pé ọmọ mi ti ṣíwọ́ ẹ̀gúsí. Kò wo tẹlifíṣọ̀n, èmi ló ń wò.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi ọkùnrin kan hàn tó ti ń hu ewú. Akọ̀ròyìn obìnrin náà bi í ní ìbéèrè, ọkùnrin náà la ẹnu, ohùn kò jáde. Ó di etí tábìlì mú bí ẹni tí wọ́n fẹ́ fà kúrò níbẹ̀. Kó tó sọ nǹkan kan, mo ti túmọ̀ pé ó ní àlùfáà bú òun nígbà tí òun wà lọ́mọdé.

Ìyá mi gbé ọwọ́ kúrò nínú ẹ̀gúsí. “Tíṣà, irọ́ lo pa,” ó ní. “Èmi kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n mo mọ ojú ẹni tí wọ́n bú. Ẹni tí wọ́n bú, inú á bí i. Ẹ̀rù ló ń ba ọkùnrin yìí.”

Kò sí ohun tó dùn mọ́ mi nínú kí ìyá mi máa tún Gẹ̀ẹ́sì mi ṣe nínú pálọ̀ mi. Inú bí mi. Mo dá fíìmù dúró, mo wọ yàrá lọ gbé dísọ́nárì ńlá mi jáde, mo ṣí i lójú gbogbo wọn bí ẹni tó fẹ́ búra. Ìtumọ̀ èébú wà níbẹ̀ lóòótọ́, mo fi ìka tọ́ ọ, mo ní kí wọ́n wò ó. Ìyàwó mi tó ń wò láti ẹ̀yìn èjìká mi ní kí n ka èyí tó tẹ̀lé e. Mo kà á: kí èèyàn máa fi ìyà jẹ ẹni tí wọ́n fi sábẹ́ ìtọ́jú rẹ̀, kó máa lò ó ní ìlòkulò.

Ọmọ mi sọ ọ́ wẹ́rẹ́, bí ẹni tó ń dáhùn ìbéèrè ní kíláàsì.

“Dádì, ìtumọ̀ kejì ni mo kọ.”

Ìyàwó mi mú un wọ yàrá. Èmi àti ìyá mi jókòó sílẹ̀, a ń wo ọkùnrin tí mo dá dúró lórí tẹlifíṣọ̀n, ẹnu rẹ̀ ṣì là sílẹ̀. Nígbà tí ìyàwó mi jáde, ojú rẹ̀ ti pọ́n. Ó ní híjáàbù gígùn tí ọmọ náà ń wọ̀ látìgbà tó ti dé, tí ìyá mi ń yìn ín fún nínú ooru, ojú koboko ló ń fi bò. Àáfà kì í jẹ́ kí àwọn ọmọ lọ sí ilé-ìwé abúlé náà mọ́ ní òwúrọ̀, oko ẹ̀gẹ́ Àáfà ni wọ́n ń kó wọn lọ roko. Ẹni tó bá rẹ̀ á jẹ koboko, kò sì ní jẹun. Ìyàwó mi ti bi í ní gbogbo ohun mìíràn tí fíìmù yẹn dá sí wa lọ́kàn, bóyá ẹnì kan fọwọ́ kan ara rẹ̀ lọ́nà àìtọ́, ọmọ náà sì ní rárá. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ṣùgbọ́n ojú tì mí. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ojú lè ti èèyàn tó bẹ́ẹ̀ nínú ilé ara rẹ̀.

Mo bi ọmọ náà pé kí ló dé tí kò fi Yorùbá kọ lẹ́tà yẹn. Ó ní Àáfà máa ń ka gbogbo lẹ́tà kó tó jáde. Ó ń ka Yorùbá, ó ń ka Lárúbáwá, Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni kò lè kà. Ọmọ náà ti gbọ́ “abuse” lẹ́nu olùkọ́ kan kó tó lọ síbẹ̀, ó sì gbà pé á yé mi.

Ní ọjọ́ Àìkú, kí n tó pinnu ohun tí màá ṣe, ìyá mi ti wọ bàtà. Ó ní a ń lọ bá Àáfà, òun sì ti rí bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ó gba ìwé ìkọ̀wé kan àti bírò lọ́wọ́ mi. Kò mọ̀wé kọ rárá, ṣùgbọ́n ó fi bírò náà há ẹ̀yìn etí lábẹ́ gèlè, ó gun ọ̀kadà tirẹ̀, ó ní kí ọlọ́kadà máa sáré.

Àwọn akọ̀ròyìn òyìnbó ìbá rí i, wọn ìbá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó kí Àáfà dáadáa. Ó béèrè eékún Àáfà, ó béèrè àwọn ìyàwó, ó béèrè ewúrẹ́. Àáfà bu omi fún un, ó mu ún. Ìgbà náà ló tó ṣí ìwé, ó dojú ìwé náà kodò láì mọ̀, ó yọ bírò.

“Àáfà, kí lẹ fi na ọmọ mi?”

Àáfà ní ìbáwí lásán ni. Ìyá mi fa ìlà kan sínú ìwé. Àáfà ní ọmọ ayé òde òní ti bàjẹ́. Ó tún fa ìlà méjì. Àáfà wá ń wo bírò yẹn ṣáá, ó bi í pé kí ló ń kọ. Ìyá mi ní ohun tó ń sọ ni, kó máa sọ ọ́ lọ. Ohùn Àáfà wá yí padà, ó kọjú sí mi, ó ní ṣé èmi náà fẹ́ kó ìtìjú bá ẹ̀sìn ni. Èmi tí mo ti fẹ́ fi ṣọ́ọ̀ṣì yọ ìyàwó mi lẹ́nu fún ọ̀sẹ̀ méjì, ewúrẹ́ Àáfà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà.

“Ẹ̀sìn kò na ẹnikẹ́ni,” ni ìyá mi wí. “Ẹ̀yin lẹ nà wọ́n.” Ó ti ìwé náà sí mi lọ́wọ́, ó ní kí n kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, kí n sì kọ ọ́ ní Yorùbá, nítorí pé Gẹ̀ẹ́sì mi kò dá òun lójú mọ́.

Àwọn ọmọbìnrin tó kù ti kóra jọ sí ẹnu ọ̀nà. Ìyá mi bi wọ́n pé ta ló ti kọ lẹ́tà sílé nínú wọn. Àwọn márùn-ún nawọ́. Èyí tó súnmọ́ mi jù, ọmọ olóbì kan tí mo mọ̀ dáadáa ní Ìlá, ní ọmọ mi ló kọ́ wọn ní ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa kọ. Ó ní bàbá òun fi èsì ránṣẹ́ pé tíṣà ti ka lẹ́tà náà fún òun, pé tíṣà ní kò sí nǹkan kan, Àáfà kàn ń bú wọn ni.

Òótọ́ ló sọ. Iwájú ìsọ̀ bàbá rẹ̀ ni mo ti kà á, lórí ìdúró, a sì jọ rẹ́rìn-ín.

A kò yà sílé. Ọ̀dọ̀ olóbì ni a kọrí sí tààrà. Ó ń ṣa obì sínú ewé nígbà tí a dé, ó sì rí ìwé ìkọ̀wé lọ́wọ́ mi. Inú rẹ̀ dùn láti rí wa. Ó ní, “Tíṣà, àbí Àáfà tún ti bú wọn ni?” Ó ti ń rẹ́rìn-ín kó tó sọ ọ́ tán.

Mo ní kó lọ gbé lẹ́tà yẹn wá, kí n tún un kà.