Igi Fúrúùtù Ojú Àgbàlá Wa

Èmi ni mo ní kí wọ́n gé igi fúrúùtù tó wà lójú àgbàlá wa ní Muṣin. Kò sẹ́ni tó tì mí sí i.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Ìyàwó mi ní ikọ́ fée. Láràárọ̀, á gbá ewé tó já sílẹ̀ jọ sẹ́bàá gọ́tà, á ṣáná sí i, bí gbogbo àdúgbò ṣe ń ṣe. Èéfín rẹ̀ á wá dí i láyà, á máa wúkọ́ títí oòrùn á fi mú. Èmi tó yẹ kí n ní kó yéé sun ewé, igi ni mo bá jà. Mo ní bí kò bá ti sí igi, ibo ni ewé á ti wá, tí èéfín á fi wà? Mo rò pé mo gbọ́n.

Wọ́n gé e tán, a fi sìmẹ́ǹtì tẹ́ gbogbo ilẹ̀. Mẹkáníìkì tó wà níwájú ilé wa pariwo pé, "Bàbá, ilé yín ti di báńkì o! Ṣé ká máa bọ́ bàtà ká tó wọlé?"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, àfi ìyàwó mi. Ó gbójú sókè síbi tí ẹ̀ka wà tẹ́lẹ̀, ó ní, "Bàbá, ibo wá ni n ó máa jókòó sí lọ́sàn-án?"

N ò mọ̀ pé abẹ́ igi yẹn ló ti ń rí èémí mí dáadáa. Eruku títì, èéfín jẹnẹrétọ̀, èyí tó ń fẹ́ bọ̀ láti ilé iṣẹ́ Ìlúpéjú, àwọn ewé tó fẹ̀ bí àwo yẹn ló ń bá wa gbà á sára. Bí òjò bá ń rọ̀, mo máa ń rí i tí omi ń ṣàn dúdú látorí wọn. N ò bi ara mi léèrè ohun tó dúdú. Nígbà tí igi ò sí mọ́, ojú fèrèsé wa ni dúdú yẹn wá ń bà sí, àti àyà ìyàwó mi.

Dókítà ní kó kúrò níbẹ̀. Ó wà lọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ báyìí, nínú ọgbà tó kún fún máńgòrò. Èmi dúró ti ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi, òun la fi ń jẹun.

Láràárọ̀ ló ń pè mí. Ohùn rẹ̀ ti já gaara. Lọ́jọ́ kan ó ní, "Ṣé ẹ ti gbálẹ̀?"

"Mo ti gbá a."

"Kí lẹ rí gbá?"

"Eruku ni."

Mo bi í pé ìgbà wo ló ń bọ̀ wálé.

"Bàbá, ẹ gbin nǹkan síbẹ̀ ná."

Mo fọ́ sìmẹ́ǹtì náà níwọ̀n ẹnu garawa, mo gbin fúrúùtù mìíràn. Ó ti dé orúnkún mi báyìí. Àwa méjèèjì sì ti lé ní àádọ́rin ọdún.