Orúkọ Tí Mi Ò Bọ́ Sílẹ̀ Lẹ́nu Ọ̀nà

Ní ilé àwọn ọkọ mi ní Òkúkù, òórùn obì ló máa ń kọ́kọ́ pàdé ènìyàn. Obì tútù ni o, èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bó, tí wọ́n fọ̀, tí wọ́n wá fi ewé gbòdògì tẹ́ apẹ̀rẹ̀ fún. Ìyá bàbá ọkọ mi ló ń ṣe òwò náà. Ìyá Olóbì ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n, àwọn ọmọ-ọmọ wọn pàápàá, Ìyá Olóbì náà ni. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dé ibẹ̀, kí a tó ṣègbéyàwó, apẹ̀rẹ̀ kún pálọ̀ débi pé àárín wọn la ti wá ibi tá a máa kúnlẹ̀ sí.

Àkọ́bí Ìyá Olóbì ló gbà wá lálejò. Àǹtí Àgbà ni gbogbo ilé ń pè wọ́n, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, ìyá ìjọ sì ni wọ́n pẹ̀lú. Wọ́n bi mí ní agboolé wa ní Ìkìrun, wọ́n bi mí ní ṣọ́ọ̀ṣì tí à ń lọ, gbogbo rẹ̀ tẹ́ wọn lọ́rùn, wọ́n sì ní kí wọ́n gbé mínírà tútù fún mi. Wọ́n wá bi mí ní orúkọ mi gan-an, nítorí Kási tí ọmọ wọn ń pè mí nìkan ni wọ́n gbọ́, wọ́n rò pé ọ̀kan nínú orúkọ àwọn ọmọ ìwòyí ni. Mo ní, Kásìmáawòó ni, mà. Ìwọ náà kúkú mọ irú ọmọ tí wọ́n ń sọ bẹ́ẹ̀.

Àǹtí Àgbà kò pariwo. Wọ́n rọra sọ fún mi pé ilé àwọn ti sin ọmọ rí, àwọn fúnra àwọn ti sin, àwọn kò sì ní í lajú sílẹ̀ kí orúkọ àbíkú gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Àṣà ilé náà ni pé tí ìyàwó bá dé, àgbà nínú àwọn ọmọbìnrin ilé ló ń da omi sí i lẹ́sẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, bó bá sì ti ń dà á ni yóò máa fi orúkọ tuntun pè é. Wọ́n ní Ìbùkún ni èmi yóò máa jẹ́, kí n tètè sọ fún ẹni tó ń tẹ káàdì. Bí mi ò bá gbà, àwọn ò ní í da omi. Ìyàwó tí wọn ò sì da omi sí lẹ́sẹ̀, kó pẹ́ títí nínú ilé yẹn, àlejò ni.

Ọkọ mi, akọni ọkùnrin, ń wo ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ẹni pé àárọ̀ ọjọ́ yẹn ni wọ́n hù. Nígbà tá a jáde, ó ní ṣebí orúkọ lásán ni, pé òun á máa pè mí ní Kási nínú yàrá.

Lásán kẹ̀? Agbéraga ni mí lórí ọ̀rọ̀ orúkọ yìí, mi ò sì ní í bẹ ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ẹkún ló wà nílé tiwa nígbà tí mo dé, torí ìyá mi ti sin gbogbo àwọn tó ṣáájú mi. Ìyá bàbá mi wá láti Inísà, wọ́n gbé mi yẹ̀ wò, wọ́n ní kẹ́nikẹ́ni má dáná, kẹ́nikẹ́ni má jó, ká ṣì máa wò ó ná. Bó ṣe di orúkọ nìyẹn. Ọ̀dọ̀ wọn ni mo ti lọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Inísà, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi a sì máa fọwọ́ lérán tí mo bá ti wọlé, wọn á tẹjú mọ́ mi bí ẹni ń wo ìran. Mo sunkún délé lọ́jọ́ kan. Ìyá àgbà ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́, wọn ò tilẹ̀ gbójú sókè.

“Jẹ́ kí wọ́n máa wò,” ni wọ́n wí. “Ṣé o ò sí níbẹ̀ ni?”

Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá ti fọwọ́ lérán, èmi náà á dúró níwájú, màá máa yí po kí wọ́n lè rí ẹ̀yìn mi pẹ̀lú. Ó sú wọn kó tó sú mi.

Bàbá mi kò bínú nígbà tí mo ròyìn Òkúkù fún wọn. Wọ́n bi mí bóyá mo fẹ́ràn ọkùnrin náà, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n bi mí bóyá n ó wẹ̀yìn tí ẹnìkan bá pe Ìbùkún lójú títì. Mo rò ó, mo ní mi ò ní í mọ̀ pé èmi ni wọ́n ń pè.

“Lọ sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn,” ni wọ́n wí. “Kúnlẹ̀ sọ ọ́.”

Èmi nìkan ni mo padà lọ. Nígbà tí ọkọ̀ kọjá ní Inísà, mo rí òrùlé ilé ìyá àgbà, tó ti di ilé àwọn ayálégbé báyìí, ojú mi sì kún fún omi. Ẹ̀rù bà mí, mi ò ní í parọ́. Mo fẹ́ ọkọ mi, mo sì mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kí n padà láìní ọkọ.

Àǹtí Àgbà wà lórí àga, Ìyá Olóbì jókòó sórí àpótí láàárín apẹ̀rẹ̀ wọn, wọ́n ń fi ewé bo obì. Mo kúnlẹ̀. Mo ní mo dúpẹ́ fún Ìbùkún tí wọ́n fẹ́ fún mi, àmọ́ orúkọ tí mò ń jẹ́ ni wọ́n fi dá mi dúró sáyé, mi ò lè fi í sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ẹnikẹ́ni. Àǹtí Àgbà ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí n máa lọ ní àlàáfíà. Mo ti ń dìde nígbà tí Ìyá Olóbì gbé ewé ọwọ́ wọn kalẹ̀, tí wọ́n kọjú sí ọmọ wọn.

“Kí ni orúkọ mi?”

Àǹtí Àgbà ní, “Rúùtù ni, Màmá.”

“Ti ìrìbọmi nìyẹn. Kí ni ìyá mi ń pè mí?”

Àǹtí Àgbà ní àwọn ò mọ̀ ọ́n. Àgbàlagbà obìnrin tó ti kọ́ ọmọ ọlọ́mọ níwèé, kò mọ orúkọ ìyá tó bí i.

“Dúrójayé ni,” ni Ìyá Olóbì wí. “Èmi náà, àwọn tó ṣáájú mi kò dúró. Ẹnu ọ̀nà yìí ni wọ́n ti da omi lé orúkọ náà. Láti ìgbà tí ìyá mi sì ti lọ, kò sẹ́ni tó tún fi pè mí mọ́.”

Wọ́n mú ewé wọn, wọ́n ń bá iṣẹ́ wọn lọ. Mo kí wọn, mo sì bá ọ̀nà mi lọ, mi ò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ já sí.

Wọn ò fagi lé ìgbéyàwó, àmọ́ kò sẹ́ni tó sọ orúkọ tí wọn ó fi pè mí fún mi títí ọjọ́ náà fi pé. Àǹtí Àgbà gbé abọ́ omi jáde, wọ́n bẹ̀rẹ̀ síwájú mi. Omi náà tutù. Wọ́n wo ìyá wọn fírí, wọ́n wá ní, “Kásìmáawòó, wọlé wá.” Mo wọlé bí ọmọ ọba.

Ìgbà tí mo bí ọmọbìnrin mi ni mo tó mọ̀ pé kì í ṣe orúkọ tèmi nìkan ni mo bá lọ sí Òkúkù. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, nígbà tó kan Àǹtí Àgbà, wọ́n fowó sínú abọ́ omi, wọ́n gbé ọmọ náà, wọ́n ní Dúrójayé ni àwọn sọ ọ́. Àwọn kan ń kùn pé ọmọ yìí kò ní ẹni tó kú ṣáájú rẹ̀. Mo mọ ohun tí Àǹtí Àgbà ń ṣe. Ọmọ kì í fi orúkọ pe ìyá rẹ̀ láéláé, bó ti wù kó dàgbà tó, àmọ́ kò sẹ́ni tó lè ní kó má fi orúkọ náà pe ọmọ ọwọ́. Àǹtí Àgbà tún un pè, “Dúrójayé.”

Ìyá Olóbì ló dáhùn.