Àdúrà Tí Mo Fi Lé Declan Lọ

Ẹ fún mi láyè, ẹ̀yin èèyàn mi, kí n ro ẹjọ́ ara mi fún yín. Èmi ni mo jẹ̀bi, mo ti sọ ọ́ ṣáájú!

Nígbà náà, iṣẹ́ pọ̀ ní Dublin, nílùú Ireland, débi pé ẹni tó dé lónìí lè ríṣẹ́ lọ́la. Tallaght ni mò ń gbé, mo sì ń tọ́jú màmá arúgbó kan ní Dún Laoghaire, létí òkun. Wọ́n ní kí n máa pe àwọn ní Ruth. Èmi kẹ̀? Mummy Ruth ni mò ń pè wọ́n!

Quaker ni Mummy. Ìjọ Kristẹni ni o, àmọ́ wọn kì í bá ẹnikẹ́ni jà, wọn kì í sì í lọ sógun. Mo máa ń ti wheelchair wọn lọ síbẹ̀ láàárọ̀ Sunday kí n tó sáré lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tèmi. Kò sí pásítọ̀, kò sí akọrin! Odindi wákàtí kan, gbogbo wọn á kàn dákẹ́. Mo máa ń ṣe kàyéfì pé, ṣé Ọlọ́run tiẹ̀ ń gbọ́ wọn báyìí?

Fọ́tò Robert, ọmọ wọn kan ṣoṣo, wà lára ògiri. Bọ́ǹbù tí wọ́n gbé sí ṣọ́ọ̀bù kan ní Northern Ireland ló pa á, ọmọ ogún ọdún. Mummy ò sọ ẹni tó gbé e síbẹ̀, èmi náà ò béèrè.

Gbogbo Ọjọ́rú, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Declan máa ń wá gé igi tí wọ́n fi ṣe ọgbà yí ilé ká. Ilé ìkẹ́rùsí kan ní Damastown ló ti ń ṣiṣẹ́. Èèyàn jẹ́jẹ́. Ṣúgà ṣíbí mẹ́ta ni mo máa ń fi sí tíì rẹ̀, màá sì fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé eyín rẹ̀ máa jẹrà.

Ọjọ́rú kan bọ́ sí àyájọ́ ikú Robert. Declan ń mu tíì rẹ̀ lọ́wọ́, èmi dúró níwájú fọ́tò, mo bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi gbà á, kí Mummy lè rí àmín ṣe. Mo ní ọwọ́ tó gbé bọ́ǹbù yẹn yóò rọ, ẹni náà kò ní rí ìsinmi láyé, Holy Ghost fire! Mummy gbọ́wọ́ sókè kí n dúró. Mo rò pé àdúrà ló wọ̀ wọ́n lára, mo bá tún pariwo sí i! Declan gbé kọ́ọ̀pù sílẹ̀, ó ní "Grand, thanks," pé ó dáa, ẹ ṣé, ó bá tirẹ̀ lọ.

Kò wá ní Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e. Kò wá ní ìkejì. Mo bi Mummy bóyá ara rẹ̀ ò yá ni.

Wọ́n ní Declan ló gbé báàgì bọ́ǹbù náà wọ ṣọ́ọ̀bù.

Háà! Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò sọ fún mi? Wọ́n ní ohun tó burú jù tó ṣe kọ́ ni àwọn fẹ́ kí n fi mọ̀ ọ́n.

Ẹnu mi ò lè dákẹ́. Ṣé kò dùn wọ́n ni? Wọ́n ní ó ń dùn àwọn lójoojúmọ́. Declan ti ṣẹ̀wọ̀n tán kó tó kọ lẹ́tà sí wọn, ọdún mẹ́ta sì ni lẹ́tà náà fi wà nínú dúróà kí wọ́n tó lè ní kó wá. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi í ni pé, ṣé ó rí Robert nínú ṣọ́ọ̀bù náà? Ó ní òun rí i, ó ń bá ọmọbìnrin tó ń tajà rẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin náà kú pẹ̀lú. Declan nìkan ló kù tó lè sọ ọ́ fún wọn. Mummy ní ìdáríjì náà ò tíì parí, gbogbo Ọjọ́rú làwọn ń tún un ṣe. Èmi ni mo wá fi ẹnu ba gbogbo rẹ̀ jẹ́!

Inú ń bí mi sí Declan, mi ò ní purọ́. Àmọ́ ṣé èmi ni mo bí Robert? Igi ti ga bo fèrèsé, Mummy ò rí òkun mọ́, wọ́n sì ń wo ọ̀nà ní gbogbo Ọjọ́rú.

Mo pe Declan lórí fóònù. Mo ní èmi Bísí ni, èmi tí mo gbàdúrà. Mo wá ní igi ti bo fèrèsé Mummy, kó jọ̀ọ́, kó máa bọ̀.

Ó wá. Mo po tíì, ṣúgà ṣíbí mẹ́ta. Ó rọra bi mí bóyá àdúrà yẹn ṣeé gbà padà. Èmi, aṣáájú àdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ló ń bi! Mo fa àga, mo jókòó tì wọ́n. Àwa mẹ́ta dákẹ́ títí tíì fi tutù. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo gbàdúrà láì sọ fún Ọlọ́run ohun tó gbọ́dọ̀ ṣe.

Mi ò tíì mọ̀ bóyá èmi lè ṣe ohun tí Mummy ṣe. Àmọ́ ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé kí n máa kọ́kọ́ bi ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ léèrè kí n tó máa bínú nítorí rẹ̀. Ẹ̀yin ńkọ́? Ta lẹ ti fi àdúrà lé lọ rí, ṣé ẹ sì ti pè é padà?