Àwo Orin Tuntun Àwa Ọ̀dọ́ Àná

Ó lé ní ogún ọdún tí ẹgbẹ́ orin wa ti túká, nítorí pé a ò fẹnu kò lórí ẹni tí fọ́tò rẹ̀ máa wà níwájú páálí kásẹ́ẹ̀tì. Àwa mẹ́ta péré ni, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí àdúgbò Nima. Orin ìfẹ́ kéékèèké là ń kọ, tí jìtá sì ń pariwo bí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ata. Lọ́dún tó kọjá, ẹ̀gbọ́n tó máa ń kọrin, tó ti di pásítọ̀ báyìí, pè wá sí ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ní Darkuman. Ó ní ká ṣe àwo orin tuntun.

Ojú mi rí nǹkan. Ẹni tó ń ta jìtá ti di ọ̀gá ní báńkì, ikùn rẹ̀ ò sì jẹ́ kó rí okùn tó ń ta mọ́. Ẹ̀gbọ́n pa irun láró, ó há ara rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò, ó ń kọrin pé òun ò rí oorun sùn nítorí ọmọge kan. Ọmọge wo? Ìyàwó rẹ̀ nìyẹn níwájú, tó ń jẹ kelewele, dòdò aláta. Ohùn ọ̀hún sì ti ha pátápátá.

Ta ló fẹ́ sọ fún un? Èmi onílù ni àbúrò wọn. Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún, síbẹ̀ mo ṣì ń dọ̀bálẹ̀ kí wọ́n. Tó bá kọ ọ́ gbòdì, màá ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò tíì dàgbà rárá." Òun náà á pàtẹ́wọ́ fún mi: "Ayekoo, o kú iṣẹ́, àbúrò, ọwọ́ ẹ ò yí padà." Tí mo bá wọ ọkọ̀ trotro, màá fi í ṣe yẹ̀yẹ́ délé.

Páànù ni mò ń tà jẹun, àmọ́ ìlù ni mo fẹ́ràn láyé mi. Ọmọbìnrin mi ò gbọ́ ìlù mi rí. Mo ṣèlérí fún un pé yóò gbọ́ bàbá rẹ̀ nínú àwo yìí.

Ọjọ́ tí àwo náà jáde, ọmọ mi tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù rẹ̀ ní pálọ̀. Ohùn ẹ̀gbọ́n wọlé, ó ha bó ṣe ha, mo rẹ́rìn-ín. Ìlù tẹ̀ lé e, ó ń lọ geere. Àmọ́ gbogbo ibi tí mo ti fi ìlù dá jìtá lóhùn nígbà tí a ń gba orin sílẹ̀, mi ò gbọ́ ìdáhùn mi níbẹ̀. Mo bọ́ síta, mo pe ará báńkì.

Ó ní, "Àbúrò, ẹ̀rọ la fi ṣe ìlù náà. Ọwọ́ ẹ ti ń fà sẹ́yìn. Ẹ̀gbọ́n ló ní ká má sọ fún ẹ, kí inú ẹ má bàa bàjẹ́."

Mo padà wọlé. Ọmọ mi ti tún orin náà tẹ̀, ó ń mi orí sí i.

"Dádì, ìlù yín mà dùn o."

Mo ní, "O ṣeun."