Ta Ló Ni Ilẹ̀ Yìí?

Èmi ni mo kọ ìbéèrè náà. Mo wá ẹlòmíì tí mo lè dá lẹ́bi títí, n kò rí.

Lèma ni wọ́n bí mi sí, lábẹ́ òkè, níbí ní Dásà. Òrí ni ìyá mi fi rán mi nílé ìwé: ó ń ṣa èso emi lóko, ó ń fi í ṣe òrí, ó ń tà á lọ́jà títí mo fi dé yunifásítì ní Kútọnù. Ilé-iṣẹ́ iná tó gbà mí kọ́kọ́ sọ mí di agbékọfí fáwọn ẹnjiníà. Mo ń bínú sínú, mo ń kàwé kún ìwé. Lónìí, èmi ni ọ̀gá tó ń rí sí i pé iná tí a ń ṣe kò ba ilẹ̀ jẹ́, kò sì ni ará oko lára. Ẹ̀yin ẹ wo iṣẹ́ rere!

Ìwé ìbéèrè kan ló gbé mi dépò yẹn. Kí a tó to pátákó iná oòrùn sórí oko kankan, àwọn òṣìṣẹ́ wa á lọ bi ẹni tí wọ́n bá níbẹ̀ pé, "Ta ló ni ilẹ̀ yìí?" Ẹni tí wọ́n bá dárúkọ la ó fún ní ilẹ̀ mìíràn. Nítorí àwọn èèyàn ńlá tó ń ti orúkọ wọn bọ inú àkọsílẹ̀, mo fi òfin méjì kún un: orúkọ tí a bá ti kà sétí ìlú kò ní yí padà mọ́, òṣìṣẹ́ kankan kò sì gbọdọ̀ dá sí ọ̀ràn ẹbí rẹ̀. Wọ́n yìn mí ní Kútọnù, orí mi sì wú.

Ìgbà tí iṣẹ́ dé Lèma, mo yẹra gẹ́gẹ́ bí òfin mi. Wọ́n bá ìyá mi lóko tó ti ń ro kí wọ́n tó bí mi. Bàbá mi ti kú tipẹ́. Wọ́n bi í. Ó ní, "Ti àbúrò ọkọ mi ni."

Mo mọ ìdí tó fi sọ bẹ́ẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, obìnrin tó níwà kì í nawọ́ sí ilẹ̀ ọkọ kó ní tèmi ni. Àgbà ilé ni yóò dárúkọ, gbogbo ayé ṣì mọ̀ pé ẹni tó ń ro oko ló ni ín. Ká ní "Ta ló ń ro ibí?" ni mo kọ ni, ọ̀rọ̀ ì bá ti tán. Èmi ọmọ Lèma ni mo gbàgbé àṣà wa! Bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo obìnrin tó wà lóko lọ́jọ́ náà ṣe dáhùn.

Bàbá kékeré, àbúrò bàbá mi náà, gba ilẹ̀ tuntun lápá Tré, ó pín in fáwọn ọmọkùnrin rẹ̀. Kì í ṣe olè. Ó tiẹ̀ gbé iṣu wá fún ìyá mi. "Ìyàwó wa ti dàgbà," ló wí, "kó wá sinmi."

Mo lọ bẹ ọ̀gá àgbà ní Kútọnù kí wọ́n yí orúkọ náà padà. Ó gbọ́ mi dáadáa, ó ṣí ìwé, ó sì ka òfin mi méjèèjì sí mi létí. "Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́, Madame." Omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Mo sunkún nínú ọkọ̀ láti Bohikọ́n títí dé Dásà. Mo lè ra ilẹ̀ fún ìyá mi, ṣùgbọ́n igi emi kì í tètè so, ìyá mi kò sì ní ọdún tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ níwájú mọ́.

Ọjọ́ tí wọ́n ń gé àwọn igi emi oko náà, ẹnu ọ̀nà ni mo bá a, ó jókòó, agbọ̀n tó fi ń ṣa emi ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo jókòó tì í. Òun ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Ọmọ mi, wọ́n ní ìwọ lo kọ ìbéèrè tí wọ́n bi wá. Ṣé mo dáhùn dáadáa? Mi ò fẹ́ kí wọ́n ní ìyá ọ̀gá àwọn ò níwà."

"Ẹ dáhùn dáadáa, Ìyá."