Àdín Inú Ẹsẹ̀ Kẹ̀kẹ́

Mo kórìíra òórùn àdín. Kì í ṣe ti èyí tí wọ́n fi ń pa ara ọmọ tuntun o. Èyí tó ti wà lójú kan fún ọdún mẹ́fà, tó ti bá eruku àti ìpẹtà dòwò pọ̀, ni mò ń wí. Òórùn yẹn ló gba gbogbo ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìjẹ̀bú-Òde láàárọ̀ Sátidé kan.

Kẹ̀kẹ́ ológeere ni mò ń tún ṣe. Tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì gbé ẹsẹ̀ méjèèjì kẹ̀kẹ́ eléré ìje wá, tòkunbọ̀, tí ẹnì kan ti fi ọ̀dà dúdú kùn kó lè dà bíi tuntun. Dókítà ti ní kó máa wa kẹ̀kẹ́ nítorí orúnkún rẹ̀, ó sì ti pinnu pé Ìbẹ̀fún lòun ó máa wà á lọ láti kí ẹ̀gbọ́n òun obìnrin. Ó fẹ́ kí n tú ẹsẹ̀ méjèèjì palẹ̀, kí n pààrọ̀ bọ́ọ̀lù irin kéékèèké inú wọn, kí n sì fi sípóòkù tó dáa sí i.

"Ìyàwó mi ò fẹ́ rí i sójú," ló sọ fún mi. "Ẹni tó tà á fún mi ò parọ́. Ó ní ẹsẹ̀ ẹ̀yìn yìí ló ṣàdédé wọ́ lójú ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, tó gbé òun ṣánlẹ̀, eegun èjìká òun sì ṣẹ́. Ọ̀gá, ẹ̀mí mi ni mo gbé lé yín lọ́wọ́ o."

Mo ní kó fọkàn balẹ̀. Mo yọ nọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, mo fa irin àárín rẹ̀ jáde. Ohun tó bá a jáde, kí Ọlọ́run má jẹ́ ká rí irú ẹ̀ nínú oúnjẹ. Ẹrẹ̀ dúdú tó ń fà bí ikun, irun, ẹsẹ̀ aáyán, àti àwọn bọ́ọ̀lù irin tó yẹ kó máa dán, tí ara wọn ti dá ihò bí ẹ̀wà tí kòkòrò jẹ. Mo gbé ìka mi sí imú. Àdín! Ibi tó yẹ kí gíríìsì wà ni wọ́n da àdín sí. Mo tutọ́ sílẹ̀.

"Ọ̀bùn èèyàn!" ni mo fi bẹ̀rẹ̀. "Tíṣà, ẹ wá wò ó. Ẹ tún wo sípóòkù, ti ọ̀kadà ló gé kúrú tó kì bọ̀ ọ́, mẹ́rin! Irú wọn ló ń bà wá lórúkọ jẹ́. Ṣé ìyá tó bí i ò kọ́ ọ kó máa fọ ọwọ́ ni?"

Tíṣà ń mi orí. "Bí mo bá mọ ṣọ́ọ̀bù ẹni yẹn, màá lọ bá a."

Kí n lè tú àwọn sípóòkù náà, mo bọ́ táyà. Rọ́bà pẹlẹbẹ ló yẹ kó wà lábẹ́ tíúbù, kí orí sípóòkù má baà gún un. Aṣọ tí wọ́n ya tẹ́ẹ́rẹ́ ni mo bá níbẹ̀. Mo ti lanu láti tún bú u kí n tó wo aṣọ náà dáadáa. Aṣọ aláwọ̀ ewé ni, ó ní ẹyẹ pupa kéékèèké lára. Ìró tí ìyá mi fún mi nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ṣọ́ọ̀bù ni, pé kí n máa fi nu ọwọ́. Èyí tó kù lára rẹ̀ wà lórí ìṣó níwájú mi.

Ẹnu àìmẹ́nu! Ìyá ara mi ni mo bú.

Mo wá rántí. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló gbé ẹsẹ̀ náà wá ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, funfun ni nígbà yẹn, ó sì ń kánjú. Gíríìsì mi ti tán, ìgò àdín tí mo fi ń pa ara lọ́yẹ́ sì wà nítòsí. Mo ní tó bá padà wá, màá ṣe é dáadáa. Kò padà wá mọ́, mo sì ń pè é ní aláìmoore káàkiri àdúgbò. Kí n má sọ pé gíríìsì tó tán ló fà á. Ikú ọkọ lọ̀bùn rí tìrànmọ́. Òdìkejì títì ni wọ́n ti ń ta gíríìsì. Ọ̀lẹ ló ṣe mí, eegun ẹlòmíì ló bá a ṣẹ́. Ọ̀rọ̀ ara mi wá ń rí mi lára ju ẹrẹ̀ inú irin yẹn lọ.

Tíṣà ń wo títì. Bí mo bá ká aṣọ yẹn sápò, kò ní mọ̀ láéláé. Ṣùgbọ́n mo fa èyí tó wà lórí ìṣó wálẹ̀, mo tẹ́ méjèèjì sórí tábìlì.

"Tíṣà," mo ní, "ẹni tí ẹ fẹ́ lọ bá ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ẹ ti débẹ̀."

Ó wo aṣọ méjèèjì, ó wo ojú mi, ó wá wo ọwọ́ mi tí ẹrẹ̀ dúdú ṣì lẹ̀ mọ́. Kò pariwo. Ì bá sàn fún mi ká ní ó pariwo.

"Ṣé ọwọ́ yìí náà lẹ fẹ́ fi tún un ṣe?"

"Òun náà ni, sà. Mi ò ní òmíì."

Ó fa àpótí ìjókòó rẹ̀ sún mọ́ tábìlì, ó mú awò ojú rẹ̀ jáde, ó fi sójú.

"Ẹ lọ fọ ọwọ́ yẹn ná," ló wí.