Òkú Tó Ń Bèèrè Bísíkíìtì

"Yéè! Mo kú o!"

Bàbá Ràmọ́tà ló pariwo bẹ́ẹ̀ ní ilé iṣẹ́ ọṣẹ kan l'Ágége, níbi tá a ti lọ gba ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́. Géńdé ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n, àwọn ló ń darí ẹ̀rọ ńlá ibẹ̀. Wọ́n kàn rí ẹ̀jẹ̀ ara wọn nínú àpò ni òòyì bá kọ́ wọn.

Nọ́ọ̀sì ni mí, mi ò sì fẹ́ràn ariwo. Tí nǹkan bá ṣe ẹni tó fún wa lẹ́jẹ̀, a gbọ́dọ̀ sọ bó ṣe le tó. Kékeré ni tí ìsinmi, omi àti bísíkíìtì bá tó o. Àárín ni tó bá gba ìtọ́jú dókítà. Líle ni tó bá di gbígbé lọ sí ọsibítù. Ṣùgbọ́n Bọ́lá tá a jọ ń ṣiṣẹ́, etí ló fi ń wọ̀n ọ́n: ẹni tó bá ké, líle; ẹni tó bá dákẹ́, kékeré.

Lọ́jọ́ yẹn kan náà, akọ̀wé ilé iṣẹ́ náà, Ìyá Táyé, fún wa lẹ́jẹ̀ tán, wọ́n rọra dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Mo ní, "Mà, ṣé kò sí?"

"Àlàáfíà ni, Alihamudulilahi."

Kí wọ́n tó pè é tán, wọ́n ti dákú lulẹ̀, àgbọ̀n wọn là. Dókítà wa ló rán an.

Ẹ wá wo iṣẹ́ Bọ́lá: ó kọ kékeré fún Ìyá Táyé, ó kọ líle fún Bàbá Ràmọ́tà! Inú bí mi gan-an.

"Bọ́lá, ṣé orí ẹ pé? Ta ló kú?"

"Sísítà, àwọn fúnra wọn ló sọ pé àwọn kú."

"Òkú wo ló ń bèèrè bísíkíìtì kejì?"

Mo ní kó kọ àárín fún Ìyá Táyé, kó sì sọ ti Bàbá di kékeré. Bàbá gbọ́, ni wọ́n bá na bísíkíìtì sí mi bí ẹni na ìka.

"Kékeré kẹ̀? Èmi tí mo fojú rí àwọn baba ńlá mi! Ìyá Táyé tí ò gbin pínkín, ẹ fún wọn ní àárín. Ẹ tún tèmi wò jàre!"

"Bàbá, tá a bá kọ líle, a ò ní gba ẹ̀jẹ̀ yín mọ́ láyé."

Wọ́n gbé bísíkíìtì sílẹ̀.

"Láyé? Ẹ̀jẹ̀ ẹni tí mi ò mọ̀ ni wọ́n fà sí ìyá Ràmọ́tà lára lọ́jọ́ tó bímọ, òun ló fi wà láàyè. Mo jẹ́ ẹ̀jẹ́ nítorí ẹ̀jẹ̀ yẹn pé n ó máa fúnni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ pé nǹkan kan ò ṣe mí rárá."

Àánú wọn ṣe mí, omi lé sí mi lójú. Síbẹ̀, mo ní, "Rárá, Bàbá. Kékeré ló ṣe yín, kékeré la ó kọ. Ariwo ò fi kún un, ẹ̀bẹ̀ ò sì ní yọ nínú ẹ̀. Ẹ ó tún fún wa." Bọ́lá gbọ́, ó pa líle rẹ́, ó kọ kékeré.

Nígbà tá a tún padà lọ síbẹ̀ lẹ́yìn oṣù díẹ̀, Bàbá Ràmọ́tà ló kọ́kọ́ ká apá aṣọ sókè. Bọ́lá nu ọwọ́ wọn, ni gbogbo ilé bá mì.

"Yéè! Mo kú o!"

Bọ́lá ò ta pútú. Ó wo ojú wọn dáadáa, ó di ọrùn ọwọ́ wọn mú, ó fọkàn sí bí iṣan ibẹ̀ ṣe ń lù.

"Bàbá, ẹ rọra kú o, sà," ó ní. "Abẹ́rẹ́ ṣì wà lọ́wọ́ mi."